Ẹgbẹ́ Ló Ń Kọ́ Òṣèré

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bá mi ní Ṣàgámù nítorí iṣẹ́ tíátà kì í pẹ́ sọ ohun tí wọ́n bá wá. Bí wọ́n bá ti kí mi tán, wọ́n á ní, “Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọ̀nà tí mo fi máa wọ fíìmù.” Ìbéèrè náà kì í bí mi nínú, nítorí ẹni tí kò bá fẹ́ kí ayé rí òun kò ní ohun tó fẹ́ wá ṣe níwájú kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kan náà ni mo máa ń fún gbogbo wọn, ìdáhùn náà kì í sì í tètè dùn mọ́ wọn: ẹ lọ wá ẹgbẹ́ tí ẹ ó wọ̀ ná. Ẹ wá àwọn ènìyàn tí ẹ ó jọ máa ṣeré, tí wọn ó máa sọ ọ́ lójú yín bí ohùn yín kò bá já geere, tí ẹ ó sì jọ jẹ gààrí lọ́jọ́ tí iṣẹ́ kò bá sí. Lóde òní, ojú ènìyàn lè di mímọ̀ lórí fóònù láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì ti gbàgbé rẹ̀ kí oṣù tó parí. Iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi ogún ọdún jẹun lórí rẹ̀, ẹgbẹ́ ni mo rí i pé ó ń kọ́ni.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá tíátà ní Nàìjíríà ti wá. Òsósà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ti bí Hubert Ògúndé ní ọdún 1916. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe ọlọ́pàá, kí ó tó gbé eré àkọ́kọ́ rẹ̀ kalẹ̀ ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó ní ọdún 1944. Eré inú Bíbélì ni eré náà, ìjọ Aládùúrà tí ọmọ Ògèrè Rẹ́mọ, Josiah Ọṣítẹ̀lú, dá sílẹ̀ ló sì ṣe é fún. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí èyí, pé ọmọ Ìjẹ̀bú ló kọ eré náà, ìjọ tó ti Rẹ́mọ ṣẹ̀ ló ní kí ó kọ ọ́, àwọn ará Èkó ló sì kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Ní ọdún 1945, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní African Music Research Party, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀ pátápátá tí ó sì sọ eré di iṣẹ́.

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń rántí nípa Ògúndé ni bí ó ṣe rí nínú àwọn fíìmù tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1979. Èmi a máa ronú lé àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tí ó fi kó ènìyàn lẹ́yìn láti ìlú dé ìlú, tòun ti ìlù, aṣọ àti ẹrù ìtàgé. Nínú àwọn ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò ìgbà náà, ẹni tó bá jó nínú orin ìbẹ̀rẹ̀, tí àwọn eléré fúnra wọn ń pè ní opening glee, lè jẹ́ òun náà ni yóò ṣe olorì láìpẹ́ sí i, òun náà ni yóò sì bá wọn ká aṣọ sínú àpótí bí eré bá parí. Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ lálẹ́ ọjọ́ kan lè jẹ́ òun ni gbogbo eré dá lé ní ìlú kejì, bí àìsàn bá dá ẹlòmíràn dúró. Nítorí náà, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ mọ gbogbo eré, kì í ṣe apá tó kàn wọ́n nìkan. Mo mọ òṣèré òde òní tó ti kópa nínú fíìmù tí kò mọ bí ìtàn náà ṣe parí.

Àwọn òbí ìgbà náà kì í fẹ́ gbọ́ pé ọmọbìnrin wọn ń ṣe tíátà. Alágbe ni wọ́n ka eléré sí, wọ́n sì ka obìnrin eléré sí èyí tó burú ju alágbe lọ, débi pé ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ kì í pẹ́ tí ẹbí tàbí àfẹ́sọ́nà fi ń fà á jáde. Ògúndé fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ sílé, àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ sì di òpó tó gbé ẹgbẹ́ ró. Èmi tí mo jẹ́ obìnrin nínú iṣẹ́ yìí kò ní gba ọmọbìnrin kankan nímọ̀ràn láé pé kí ó fẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kí ó lè rí eré ṣe. Síbẹ̀, bí a bá ń ka orúkọ àwọn tó dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ó yẹ kí a ka àwọn obìnrin wọ̀nyẹn mọ́ wọn, nítorí àwọn ni wọ́n kọrin, tí wọ́n jó, tí wọ́n tọ́jú ọmọ lẹ́yìn ìtàgé, tí wọ́n sì tún gun ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn láàárọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Adéṣewà, bá ìjàǹbá ọkọ̀ lọ ní ọdún 1970 nígbà tí ẹgbẹ́ wà lẹ́nu ìrìn àjò eré. Ẹni tó bá rò pé eré ṣíṣe jẹ́ iṣẹ́ àwọn tó fẹ́ràn ìgbádùn, kí ó fi ti Adéṣewà sọ́kàn.

Ẹgbẹ́ náà tún rí ìdánwò mìíràn. Ní ọdún 1964, eré Ògúndé tó ń jẹ́ Yorùbá Ronú bí àwọn tó ń ṣèjọba Ìwọ̀-Oòrùn nínú, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, títí kan Ìjẹ̀bú tí wọ́n ti bí i, kò gbọdọ̀ ṣeré níbẹ̀ mọ́, òfin náà kò sì kúrò nílẹ̀ títí àwọn ológun fi gba ìjọba ní ọdún 1966. Ibi tí ọ̀pọ̀ èrò ìwòran rẹ̀ ń gbé gan-an ni wọ́n tì mọ́ ọn. Mo máa ń bi ara mi pé òṣèré wo nínú wa lónìí ni irú nǹkan báyìí lè dé bá tí kò ní wábi gbà lọ. Ẹgbẹ́ Ògúndé kò tú ká, ó ń ṣeré níbi tí òfin náà kò dé, nítorí ilé kan wà tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ dá ẹgbẹ́ òṣèré orílẹ̀-èdè sílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980, òun náà ni wọ́n lọ ké sí. Ó ti mọ bí a ṣe ń kó àjèjì jọ kí wọ́n tó di ẹgbẹ́, ohun tí ó sì ń ṣe nìyẹn títí ó fi dágbére fáyé ní ọdún 1990.

Nígbà tí èmi wọ iṣẹ́ yìí, nǹkan ti yí padà. Owó náírà tó já wálẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980 ti mú kí fíìmù ńlá, tí wọ́n ń gbé lọ fọ̀ sí òkè òkun, wọ́n kọjá agbára àwọn eléré wa. Fídíò kásẹ́ẹ̀tì ti gba ipò rẹ̀, Ìdúmọ̀tà ní Èkó sì ti di ọjà tí gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò tíì parẹ́. Caucus ni a wá ń pè é. Ènìyàn á san owó ìforúkọsílẹ̀, á fọwọ́ sí ìwé, á sì kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Bí ó bá parí, wọ́n á ṣe fíríìdọ́mù fún un, àwọn àgbà á gbàdúrà, a ó jó, a ó jẹ. Kí ọjọ́ náà tó dé, a ó ti ru ẹrù, a ó ti lọ àwọn aṣọ eré, a ó ti di agboòrùn lé ọ̀gá lórí, a ó sì ti jókòó láti àárọ̀ di alẹ́ ní lokéṣọ̀n, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, láì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ wa. Àwọn kan ka gbogbo èyí sí ìyà lásán, mo sì gbà pé àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n fi ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ṣe ẹrú. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, jíjókòó yẹn wúlò. Ibẹ̀ ni mo ti rí i bí òṣèré àgbà kan ṣe ń pa ohùn mọ́ lẹ́nu kí ó má baà tán kí wọ́n tó dé ìran ẹkún, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ̀ pé ẹni tó bá wé gèlè báyìí ní òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ wé e bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ìṣẹ́jú kan ni wákàtí mẹ́jọ náà yóò jẹ́ lójú ẹni tó ń wò ó nílé.

Màmá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ti bá àwọn arìnrìn-àjò ṣeré nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún mi ní ipa ìyá olóbì, ìran kékeré kan báyìí tí n kò ní ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ láti sọ nínú rẹ̀, màmá ní kí n jẹ́ kí a jọ lọ sọ́dọ̀ àwọn olóbì. Ẹni tó bá mọ Ṣàgámù mọ̀ pé ilé obì ni ìlú wa, àwọn oníṣòwò Hausa sì ti ń wá kó o lọ sókè ọya ọjọ́ ti pẹ́. A jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn obìnrin tó ń bó obì. Wọ́n ti rẹ ẹ́ kí awọ funfun tó wà lára rẹ̀ lè rọ̀, wọ́n wá ń fi àtàǹpàkò ṣí i kúrò díẹ̀díẹ̀ kí ara obì má baà fara pa. Wọ́n ń ṣà á bí wọ́n ṣe ń bó o, ńlá sí ọ̀tọ̀, kékeré sí ọ̀tọ̀, èyí tí kòkòrò ti wọ̀ sínú igbá kan lẹ́sẹ̀ wọn. Ewé tútù ni wọ́n tẹ́ sínú agbọ̀n tí wọ́n ń kó èyí tó dára sí. Mo ń wo ojú wọn, mo sì ń fetí sí ọ̀rọ̀ wọn, kí n lè sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Màmá fi igbọ́nwọ́ kàn mí, ó ní, “Ọwọ́ ni kí o máa wò.”

Ìgbà náà ni mo rí i. Ọwọ́ wọn kì í dúró. Wọ́n lè máa rẹ́rìn-ín, wọ́n lè máa bá ọmọ wí, wọ́n lè máa bá oníbàárà tó dúró tì wọ́n dúnàádúrà, àtàǹpàkò ṣì ń lọ lára obì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí ọwọ́ obìnrin kan tó dúró, nígbà tí ọkùnrin kan dárúkọ iye tó kéré débi pé ó di ìwọ̀sí. Kò pariwo, kò bú u. Ọwọ́ náà dúró lórí obì, ó wò ó, lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó o lọ, bí ẹni pé ọkùnrin náà ti kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a dé lokéṣọ̀n, tí ẹni tí a jọ ń ṣe ìran náà pe owó rẹ̀, mo jẹ́ kí ọwọ́ mi dúró. Olùdarí kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ kí n ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n gbé kámẹ́rà sún mọ́ mi kí a tún un ṣe, ọwọ́ yẹn ló sì kù nínú fíìmù nígbà tí wọ́n gé ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu mi dànù. Láti orí ìran náà ni àwọn olóòtú mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ̀gá mi pé, “Obìnrin olóbì yẹn ńkọ́?” Bí mo bá ti jẹ́ òṣèré tó dá wà, kò sí ẹni tí ì bá mú mi lọ sọ́dọ̀ olóbì, kò sì sí ẹni tí ì bá ní kí n gbé ojú mi kúrò ní ibi tí mo ń wò.

Màmá yìí kan náà ló kọ́ wa bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá, wọn kì í kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún òṣèré; wọ́n á sọ ìtàn fún un, wọ́n á sọ ibi tí ìran náà gbọ́dọ̀ já sí, òun ni yóò wá ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ sọ, tó kàn ń dúró de ìgbà tí yóò kan òun, yóò pa òwe tí kò bá ọ̀rọ̀ mu, ìran náà yóò sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó máa ń mú àwa méjì dìde, ó á fún wa ní ìjà kan, bí ìjà orí ilẹ̀ tàbí ìjà orogún, ó á sì ní kí ọ̀kan nínú wa má sọ ohunkóhun títí ìjà náà yóò fi parí. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ yẹn ni yóò máa wò. Iṣẹ́ tí ó le jù nínú eré nìyẹn, a kò sì lè dá a kọ́ níwájú dígí.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Àwa tí a dàgbà sí Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ní ohùn tiwa nílé, Yorùbá àjùmọ̀lò sì ni wọ́n ń fẹ́ nínú fíìmù. Ó pọn dandan kí a mọ̀ ọ́n dáadáa, pẹ̀lú òwe rẹ̀ àti oríkì rẹ̀, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí ohùn Ìjẹ̀bú bá wọ fíìmù, ẹ̀rín ni wọ́n sábà máa ń fi pa. Ìjẹ̀bú inú fíìmù á jẹ́ olówó tó háwọ́, tàbí kí ó jẹ́ olóògùn. Mo fẹ́ rí dókítà tó ń fi ohùn Ìjẹ̀bú-Igbó tu aláìsàn rẹ̀ nínú. Mo fẹ́ rí opó tó ń sọ̀rọ̀ bí àwọn ìyá Odògbolú ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ìbànújẹ́ bá dé, láìsí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má ṣe ju ohùn ilé nù nítorí pé wọ́n ń kọ́ ti lokéṣọ̀n. Ọjọ́ tí òǹkọ̀wé kan bá ní ìgboyà tó láti kọ irú ìran bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó rí òṣèré tó lè ṣe é.

Ní ti owó, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó ń ṣe waka-pass, tó kàn ń gba ojú kámẹ́rà kọjá, owó ọkọ̀ ni yóò gbà, nígbà mìíràn kò ní gbà á. Láàárín àwa òṣèré, mo wá bá ọ ṣe fíìmù rẹ, ìwọ náà wá bá mi ṣe tèmi. Ètò yìí ló mú kí ọ̀pọ̀ fíìmù ṣeé ṣe nígbà tí owó kò sí, òun náà ló sì mú kí àwọn kan di arúgbó sẹ́nu iṣẹ́ láìní nǹkan kan nípamọ́. Mo ti ṣe iṣẹ́ fún olóòtú kan tó ní òun yóò san owó mi bí fíìmù bá ti jáde. Fíìmù náà jáde, n kò rí owó náà. Láti ìgbà náà, bí iṣẹ́ náà bá kéré tó, mo máa ń ní kí a kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ó ní iye owó, ọjọ́ tí wọ́n máa san án, àti ohun tí wọ́n lè fi àwòrán mi ṣe. Mo ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ lẹ́bàá ọ̀nà, ojú kì í sì í tì mí bí àwọn oníbàárà bá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Owó ṣọ́ọ̀bù yẹn ló jẹ́ kí n lè sọ pé rárá nígbà tí olóòtú kan sọ fún mi pé ipa tó dára wà nílẹ̀ bí mo bá lè wá bá òun ní òtẹ́ẹ̀lì. Ẹgbẹ́ mi sì ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ọ̀gá wa kọ̀ láti rán ọmọ rẹ̀ kankan lọ bá ọkùnrin náà mọ́, ó sì pe àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ yòókù láti kìlọ̀ fún wọn. Ọmọbìnrin tó ń dá wá iṣẹ́ lórí fóònù, ta ni yóò bá a pe ẹnikẹ́ni?

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá kí wọ́n lọ sí yunifásítì. Bí agbára bá wà, kí wọ́n lọ. Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní eré ṣíṣe, ẹni tó bá ibẹ̀ jáde á mọ ìtàn iṣẹ́ náà, á lè ka ìwé eré, á sì mọ bí ìmọ́lẹ̀ àti ìtàgé ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tí ó gba àwa tí a ti caucus jáde ní ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó mọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà a máa fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹgbẹ́, bí ó bá mọ̀ ọ́n lò. Àwọn tí ẹ jọ ṣe eré ìdánwò ní ọdún ìkẹyìn ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n lọ mọ́ yín lọ́wọ́.

Fóònù ni gbogbo ènìyàn fi ń ṣeré nísinsìnyí, inú mi sì dùn sí i ju bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ṣe fẹ́ lọ. Ẹni tó wà ní Ìṣarà lè ya àwàdà tirẹ̀ ní àárọ̀ kí ará Lọ́ńdọ̀nù ti wò ó kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn òṣèré tó ti lórúkọ ń gbé fíìmù tiwọn sórí YouTube fúnra wọn, wọn kò sì ní láti dúró de oníkásẹ́ẹ̀tì kankan mọ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń wo àwọn fídíò kékeré yìí, mo sì ń rí ẹ̀bùn tó pọ̀ nínú wọn tí kò sí ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà: ọmọ kan ṣoṣo tó ń ṣe bàbá, tó ń ṣe ìyá, tó ń ṣe ọlọ́pàá, tó sì ń gé e fúnra rẹ̀ lóru. Ó dùn ún wò. Kò sí ẹni tí ó ń tẹ́tí sí nínú rẹ̀ ni.

Nítorí èyí ni àwa díẹ̀ ní Ṣàgámù ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ tuntun, tí a ń pàdé ní gbogbo ọ̀sán Sátidé nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ kan. A kì í gba owó ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà á mú ẹ̀pà wá, ẹni tó bá ní gààrí á mú gààrí wá. A kì í ya ẹni tuntun sí fóònù ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ìjà àwọn ọmọ ìyá méjì lórí oko obì tí bàbá wọn fi sílẹ̀ la fẹ́ ṣe, a sì ṣì ń wá ẹni tí yóò ṣe àbúrò, ìyẹn èyí tí kò ní sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kí ó wá kí aago mẹ́rin tó lù, kí ó sì wọ aṣọ tó lè fi jókòó sílẹ̀.